Túbò méjì nínú Camaro àtijọ́: bí ẹ ṣe lè kọ́ ọ tí á ṣeé wà lọ síbi iṣẹ́

Bí mo bá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Camaro mi, mọ́tò Chevrolet àtijọ́, níbi ìnáwó ní Houston níbí, ohun táwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé "ẹ̀gbọ́n, họ́ọ̀sìpáwà mélòó ló wà nínú ẹ̀?" Kò tíì sẹ́ni tó bi mí rí pé báwo ló ṣe ń ṣe tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú un lórí Southwest Freeway nínú oṣù kẹjọ, tí éèsì ń ṣiṣẹ́, tí oòrùn ń jó èèyàn lórí. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù nìyẹn. Mọ́tò tó lágbára ò ṣòro kọ́, ẹni tó bá ṣáà lówó á kọ́ ọ. Èyí tó lágbára tó sì tún máa gbé yín padà délé ní gbogbo ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e jáde, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, òun ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí bí mo ṣe ṣe é, àti ibi tí mo ti kọ́kọ́ fi owó ṣòfò kó má bàa ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà.

Ẹni tó bá ti dé àgbẹ̀dẹ rí ti mọ iṣẹ́ tí túbò ń ṣe. Ẹwìrì ni. Ẹwìrì ò ní iná tiẹ̀, atẹ́gùn ló ń fẹ́, èédú tó wà nílẹ̀ ló ń jó. Nínú mọ́tò, èéfín tó ń jáde lọ sí sailẹ́ńsà ló ń yí abẹ̀bẹ̀ kan, abẹ̀bẹ̀ kejì wà lórí irin kan náà pẹ̀lú ẹ̀, òun ló ń fa atẹ́gùn láti ìta tó ń tì í wọ ẹ́ńjìnì. Alfred Büchi ará Switzerland ló ti gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí láti 1905, kì í ṣe nǹkan tuntun rárá. Àmọ́ ẹ fọkàn sí èédú yẹn o, torí èédú wa ni epo. Bí alágbẹ̀dẹ bá ń fẹ́ ẹwìrì tí èédú ò tó, irin ò kàn ní gbóná ni. Tiwa burú jùyẹn lọ, bí atẹ́gùn bá pọ̀ tí epo ò tó, iná inú sílíńdà á gbóná débi pé á yọ́ písítìn. Gbogbo ẹ́ńjìnì tí mo ti rí tí wọ́n ní "túbò ló pa á", tẹ́ ẹ bá tú u, ẹ máa rí i pé ebi epo tàbí ooru ló pa á.

Ẹ ṣe ìṣirò kẹ́ ẹ tó náwó

Atẹ́gùn tó yí wa ká ń tẹ̀ wá ní bíi 14.7 psi (psi ni ìwọ̀n bí atẹ́gùn ṣe ń tẹ nǹkan tó). Bí túbò bá fi 8 psi lé e, ó di 22.7. Ẹ fi 14.7 pín in, ó di 1.54, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnì yẹn á máa mí tó ìlọ́po kan àbọ̀ bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnì tí mo máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ láìpẹ́, tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ camshaft ẹ̀ (irin tó ń ṣí fáàfù), á gbé bíi 350 họ́ọ̀sìpáwà láìsí túbò. Ẹ sọ 350 di ìlọ́po 1.54, á lé díẹ̀ ní 530, ooru àti èéfín tó há sẹ́nu túbò á jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní 500. Camaro Z28 ti 1973, tó jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, 245 ni wọ́n kọ sí i nínú ìwé. Ìlọ́po méjì nìyẹn, ní 8 psi péré. Fún ojú títì ó tó, ó tiẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ní 1,000 lòun ń wá, mi ò bá a jà, àmọ́ mọ́tò mìíràn nìyẹn, owó mìíràn nìyẹn, kò sì ní lè máa fi lọ ra búrẹ́dì.

Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì? Mo máa sọ òótọ́ fún yín, túbò ńlá kan ṣoṣo rọrùn jù ó sì dínwó. Tẹ́ ẹ bá fi méjì sí i, gbogbo nǹkan ló máa di méjì méjì, wastegate méjì (mo máa ṣàlàyé ẹ̀ níwájú), páìpù ọ́ìlì méjì, ibi méjì tí nǹkan ti lè jò. Àmọ́ ẹ́ńjìnì V8 ti pín ara ẹ̀ sọ́nà méjì látọ̀run wá, sílíńdà 4 lápá ọ̀tún, 4 lápá òsì, tí túbò kékeré kọ̀ọ̀kan bá wà nítòsí apá tiẹ̀, èéfín ò ní rin ìrìn àjò jìnnà kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ooru ẹ̀ ò ní tíì tán, túbò á tètè jí. Ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́ dé ààbọ̀, ó ti ń dáhùn. Fún ẹni tó ń wà á láàárín ìlú, ìyẹn dùn ju agbára ńlá tó máa wá lẹ́yìn tí iná ojú títì ti tún di pupa.

Mọ́tò àti òfin

Mo mú Camaro 1973, kì í ṣe torí pé ó lẹ́wà nìkan. Láti ọdún 1975 ni catalytic converter, ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́, ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn mọ́tò Amẹ́ríkà wá, òfin ìjọba àpapọ̀ sì ní ẹ ò gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Èyí tó ṣáájú ìgbà yẹn, wàhálà ẹ̀ kéré. Ní California, 1975 sẹ́yìn ò sí lára àwọn tí wọ́n ń yẹ èéfín wọn wò. Ní Texas níbí, àwọn káúńtì tó ń yẹ èéfín wò, mọ́tò ọdún 2 sí ọdún 24 ni wọ́n ń wò. Ẹ wádìí ti ìpínlẹ̀ tiyín kẹ́ ẹ tó ra mọ́tò o. Nǹkan kan tún wà, láti January 2025 Texas ti fagi lé àyẹ̀wò bíréèkì àti iná tí wọ́n máa ń ṣe fáwọn mọ́tò ara ẹni lọ́dọọdún, inú àwọn kan dùn sí i, tèmi ò dùn, torí ohun tó túmọ̀ sí ni pé kò sẹ́ni tó máa bá yín wo bíréèkì mọ́ àfi ẹ̀yin fúnra yín.

Tẹ́ ẹ bá ti ń lọ wo mọ́tò, ìpatà ni kẹ́ ẹ wò, ẹ fi ọ̀dà sílẹ̀. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ wo ilẹ̀ ẹ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀ gíláàsì ẹ̀yìn àti inú búùtù, ẹ wá wọ abẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ wo ibi tí férémù iwájú ti fi bóòtì so mọ́ ara mọ́tò. Tí ibẹ̀ bá ti jẹrà, kò sí agbára kankan tẹ́ ẹ lè gbé lé e lórí.

Ẹ́ńjìnì inú pickup

Ẹ fi ẹ́ńjìnì tó bá Camaro wá sílẹ̀. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ń ta àlòkù, bí a ṣe ń lọ sí Ládìípọ̀ nílé, kẹ́ ẹ wá ẹ́ńjìnì 5.3 tí General Motors fi sínú Silverado, Tahoe, Suburban àti Yukon láti 1999 títí dé 2007. LM7 lorúkọ ẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á ò bá mọ èyí tó jẹ́, ẹ ka VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò tí wọ́n ti yọ ọ́, tí ìkẹjọ bá jẹ́ T, LM7 ni. Ìdí tí gbogbo wa fi ń sáré sí i ni pé irin gidi ni bulọ́ọ̀kù ẹ̀, kì í ṣe alumíníọ̀mù, ìfúnpọ̀ ẹ̀ (bí písítìn ṣe ń tẹ atẹ́gùn pọ̀ tó nínú sílíńdà) jẹ́ 9.5, kò ga jù fún túbò, ó sì pọ̀ nílẹ̀ bí erùpẹ̀. Èyí tó tóbi jù ú lọ, 6.0 tí wọ́n ń pè ní LQ4, dáa náà, àmọ́ àwọn tó ń tà á ti mọ̀ pé ó dáa.

Ẹ má sanwó láìjẹ́ pé ẹ ti jo ọ́ìlì ẹ̀ síta kẹ́ ẹ wò ó lójú oòrùn. Tó bá ń dán yinrin yinrin, irin ló ń jẹ ara ẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kẹ́ ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà, kí gbogbo wọn jọra. Ẹ wọn kọ̀m̀pírẹ́ṣàn ẹ̀ bí wọ́n bá gbà fún yín. Ẹ béèrè bóyá wáyà ẹ̀ àti brain box ẹ̀ (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì) wà níbẹ̀, torí táwọn yẹn bá bá a wá, ẹ ti rí nǹkan.

Ó wọnú Camaro dáadáa, irin pẹlẹbẹ tó ń so ó mọ́ ìjókòó ẹ́ńjìnì àtijọ́ wà lọ́jà, àmọ́ páànù ọ́ìlì pickup yẹn gùn sísàlẹ̀ jù, tí ẹ bá gbàgbé pààrọ̀ ẹ̀, kòtò àkọ́kọ́ ló máa fọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ríǹgì wá kàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fò ó. Ríǹgì písítìn kì í ṣe òrùka tó pa ẹnu dé, ó ní ibi tó ti là, àlàfo tín-ín-rín kan wà níbẹ̀. Bí ooru bá dé, irin á fẹ̀, ẹnu méjèèjì á máa sún mọ́ra wọn. Àlàfo tí ilé iṣẹ́ fi síbẹ̀, ti ẹ́ńjìnì tí ò ní túbò ni. Tí túbò bá dé, ooru á pọ̀ sí i, ẹnu méjèèjì á kanra wọn, kò wá níbi tó tún lè fẹ̀ sí mọ́, á fi tipátipá ha mọ́ ògiri sílíńdà, á sì fa orí písítìn ya. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ́ńjìnì mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Àwọn tó bá mi to ẹ́ńjìnì yẹn ní kò pọn dandan, pé 8 psi kéré, mo gbà wọ́n gbọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lálẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ láti wọ freeway, èéfín búlúù bo gbogbo ẹ̀yìn mi. Písítìn nọ́ńbà 7 ti já lórí. Ìyàwó mi ló wá gbé mi lẹ́bàá ọ̀nà. Ó dùn mí títí dòní, torí iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni ì bá gbà wá.

Ìlànà ẹ̀ ni pé kí àlàfo ríǹgì òkè jẹ́ íǹṣì 0.006 fún íǹṣì kọ̀ọ̀kan tí sílíńdà fi fẹ̀. Ti 5.3 fẹ̀ ní íǹṣì 3.78, tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, 0.0227 ni, ẹ ṣe é ní 0.023. Ríǹgì kejì, ẹ fi 0.001 tàbí 0.002 lé e. Ẹ ti ríǹgì sínú sílíńdà tó ti máa ṣiṣẹ́ gan-an, ẹ fi písítìn tì í wọlé kó lè dúró déédéé, ẹ fi géèjì wọn ẹnu ẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ fi fáìlì rin ín díẹ̀díẹ̀ láti ìta wọnú, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Suúrù niṣẹ́ yìí. Èyí tẹ́ ẹ bá ti rin kọjá bó ṣe yẹ ò ṣeé dá padà mọ́. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà sára ọ̀rá tẹ́ ẹ bá kó wọn sí.

Níwọ̀n ìgbà tó ti wà ní títú, ẹ fi camshaft tí wọ́n ṣe fún túbò sí i, èyí tí fáàfù àbáwọlé àti àbájáde kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí atẹ́gùn tẹ́ ẹ fowó rà má bàa gba sailẹ́ńsà jáde lọ. Spring fáàfù tó le sí i, pushrod tó le sí i, top gasket onírin ìpele ìpele, pẹ̀lú stud tí ilé iṣẹ́ ARP ṣe dípò bóòtì tẹ́lẹ̀ lórí top cylinder. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Con rod tó bá a wá á gbé 500 dáadáa bí epo àti iná bá tọ́.

Túbò, páìpù àti ooru

Ẹ̀kọ́ kan tí gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ ni pé bíi 10 họ́ọ̀sìpáwà ni pọ́nùn atẹ́gùn kọ̀ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú kan ń mú wá. 500 nílò 50 pọ́nùn, ẹ pín in sí méjì, túbò kọ̀ọ̀kan 25. Ẹ gbé àwòrán agbára túbò tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe túbò, Garrett tàbí BorgWarner, tẹ̀ jáde síwájú, kẹ́ ẹ wo ibi tí 25 pọ́nùn ti pàdé 1.54. Ó yẹ kó bọ́ sí àárín gbùngbùn, kì í ṣe etí. Túbò tí ẹnu abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ wà láàárín 54 sí 58 mílímítà máa ń bọ́ síbẹ̀. Èyí tó tóbi jù lọ wuyì lójú, àmọ́ á máa sùn lórí yín.

Exhaust manifold onírin dúdú tó bá pickup yẹn wá, ẹ má jù ú nù. Ẹ yí i padà kí ẹnu ẹ̀ dojú kọ iwájú, kẹ́ ẹ gbé túbò sẹ́nu ẹ̀. Ó wúwo, kò lẹ́wà, àmọ́ ó ń mú ooru dání, kì í sì í là bí páìpù tinrin tí wọ́n jó pọ̀. Ní gbogbo ojú ìsopọ̀ ẹ lo V-band (kílíǹpù onírin tó ń yí ẹnu páìpù méjì ká), kẹ́ ẹ lè máa tú u kẹ́ ẹ máa dè é láìbá nọ́ọ̀tì jíjóná jìjàkadì.

Ọ́ìlì túbò ń pa àwọn èèyàn lẹ́kún. Páìpù tó ń gbé e wọlé kéré, nọ́ńbà 4 ti tó. Èyí tó ń gbé e jáde gbọ́dọ̀ tóbi, nọ́ńbà 10, kó sì máa ṣẹ́ sísàlẹ̀ láti túbò títí dé inú páànù láìgòkè níbikíbi, kí ẹnu ẹ̀ sì wà lókè ibi tí ọ́ìlì dúró sí. Kò sí pọ́ǹpù tó ń tì í jáde, bó ṣe wúwo nìkan ló fi ń ṣàn, tó bá rí òkè kékeré báyìí ó máa dúró, á wá gba síìlì túbò jáde, ẹ̀yin á máa rò pé túbò yín ti bàjẹ́.

Wastegate ni ilẹ̀kùn tí èéfín ń gbà sá tí túbò bá ti fẹ́ tó. Ẹ fi spring 7 psi sí méjèèjì, kó dọ́gba. Spring yẹn ló ń sọ ibi tó kéré jù tí psi yín lè dé, ẹ̀rọ kankan ò lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jùyẹn lọ, torí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Blow-off valve (fáàfù tó ń tú atẹ́gùn túbò síta tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò) kan ṣoṣo tó tó 50 mílímítà ti tó.

Ooru wá ńkọ́? Ọ̀sán Houston lè dé 38 dígírì Celsius. Tí túbò bá ti tẹ atẹ́gùn yẹn dé 8 psi, á jáde ní bíi 96, ó kù díẹ̀ kó hó omi! Intercooler (rédíétọ̀ tó ń mú atẹ́gùn túbò tutù) tó dáa, tó ń gba ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ooru tí túbò fi kún un, á dá a padà sí bíi 55. Ọ̀rọ̀ ooru yìí ti wà tipẹ́. Ní 1962 nígbà tí Oldsmobile gbé Jetfire jáde, tó wà lára àwọn mọ́tò onítúbò tí wọ́n kọ́kọ́ tà fáráàlú, kò ní intercooler, omi tí wọ́n pò mọ́ methanol ni wọ́n ń fún sínú ẹ̀ kó má bàa nọ́ọ̀kì, àwọn tó rà á ń gbàgbé láti rọ ọ́, mọ́tò yẹn ò pẹ́ lọ́jà. Ẹ ra intercooler ńlá, ẹ gbé e síwájú pátápátá, kọ̀ǹdẹ́ńsà éèsì tẹ̀ lé e, rédíétọ̀ alumíníọ̀mù lẹ́yìn, fáànù iná méjì tó lágbára, kẹ́ ẹ fi páálí tàbí alumíníọ̀mù dí gbogbo ẹ̀gbẹ́ kí atẹ́gùn má rí ibòmíì gbà ju àárín wọn lọ. Ẹ má yọ éèsì o. Àwọn kan máa ní ẹ yọ ọ́ kó lè fúyẹ́, mọ́tò tí ò léèsì ní Texas, inú gáráàjì ló máa wà.

Ẹ wé páìpù tó gbóná, ẹ fi irin dí àárín túbò òsì àti bíréèkì, torí apá ibẹ̀ gan-an ni máàsítà bíréèkì wà, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí ọ́ìlì bíréèkì hó.

Epo

Ẹ padà sí èédú wa. Họ́ọ̀sìpáwà kọ̀ọ̀kan lórí túbò ń jẹ bíi pọ́nùn epo 0.6 láàárín wákàtí kan. 500 máa jẹ 300 pọ́nùn, ẹ pín in fún nọ́súlù 8, ó di 37.5. Nọ́súlù ò gbọ́dọ̀ ṣí ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, torí náà 47 lẹ nílò, ẹ ra 60. Tẹ́ ẹ bá ní in lọ́kàn láti lo E85 (epo tí wọ́n pò mọ́ ethanol púpọ̀) lọ́jọ́ iwájú, ó ń jẹ epo ju bẹntiróò lọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ kúkú ra 80 lẹ́ẹ̀kan náà. E85 dára gan-an fún túbò torí ó ń tutù kì í sì í tètè nọ́ọ̀kì, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ethanol inú ẹ̀ lè wà níbikíbi láàárín 51 sí 83 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ń yí bí àkókò ọdún ṣe ń yí, ẹ gbọ́dọ̀ fi sẹ́ńsọ̀ tó ń kà á sí i, kí rọ́bà páìpù epo yín sì jẹ́ irú tí ethanol ò lè jẹ.

Pọ́ǹpù inú táǹkì tó lè gbé lítà 450 ní wákàtí kan, Walbro ní irú ẹ̀. Páìpù nọ́ńbà 8 lọ síwájú, nọ́ńbà 6 padà. Rẹ́gúlétọ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní rọ́bà tó ń fún un níròyìn túbò, bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ pé 58 psi ni epo wà tẹ́lẹ̀, tí túbò bá fẹ́ 8, epo á gòkè lọ sí 66. Láìsí ìyẹn, atẹ́gùn tó wà nínú ẹ́ńjìnì á máa ti epo padà lẹ́nu nọ́súlù, lásìkò tẹ́ ẹ nílò ẹ̀ jù lọ gan-an.

Brain box

Nílé, tí mẹkáníkì bá ní ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì, ohun tó ń sọ ni pé ó ti kú. Nọ́ọ̀kì tí mò ń sọ níbí yàtọ̀, òun ló ń ṣáájú ikú yẹn. Plọ́ọ̀gì tan iná, iná ń rìn lọ, kó tó dé òpin sílíńdà, epo tó kù níwájú ẹ̀ gbaná fúnra ẹ̀ torí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó bú gbàmù, ó lu orí písítìn bí òòlù. Ẹ lè má gbọ́ ọ nínú ariwo. Ohun tó ń dá a dúró ni epo tó tó, atẹ́gùn tó tutù, octane (bí epo ṣe lè dúró tó kó tó gbaná fúnra ẹ̀) tó ga, àti kí iná plọ́ọ̀gì má tètè tàn jù.

Ẹ lè lo brain box tó bá pickup wá, HP Tuners, ètò orí kọ̀ǹpútà, ń wọlé sí i, tàbí kẹ́ ẹ ra tuntun bíi Holley Terminator X. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ MAP (èyí tó ń ka psi atẹ́gùn tó ń wọ ẹ́ńjìnì), torí ti àtilẹ̀wá ò lè ka nǹkan tó bá ti kọjá ìwọ̀n atẹ́gùn ìta, afọ́jú ni nínú ọ̀rọ̀ túbò. Ẹ fi wideband sí sailẹ́ńsà, sẹ́ńsọ̀ tó ń ka iye pọ́nùn atẹ́gùn tó bá pọ́nùn epo kan lọ. Tẹ́ ẹ bá ń rìn jẹ́jẹ́, 14.7 ló yẹ kẹ́ ẹ rí, tí túbò bá ti ń fẹ́ kíkankíkan, 11.5. Tó bá ti lọ sí 13 lábẹ́ túbò, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀. Lórí epo octane 93 ní 8 psi, mo bẹ̀rẹ̀ àkókò iná plọ́ọ̀gì láti 14 dígírì, mo ń fi ẹyọ kan ẹyọ kan kún un lórí dyno (ẹ̀rọ tó ń wọn agbára mọ́tò lójú kan), nígbà tí agbára ò pọ̀ sí i mọ́ mo dúró. Plọ́ọ̀gì tó tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹnu ẹ̀ jẹ́ íǹṣì 0.025, tó bá fẹ̀ jùyẹn lọ túbò á máa fẹ́ iná ẹ̀ pa.

Ẹ jẹ́ kí brain box mọ bó ṣe máa dáàbò bo ara ẹ̀. Kó gé epo pátápátá tí túbò bá kọjá 11 psi, tí ọ́ìlì bá wálẹ̀, tàbí tí epo ò bá gòkè pẹ̀lú túbò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ máa fi kọ ọ́ síbẹ̀, ó ti yọ mí lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí rọ́bà wastegate já.

Bíréèkì, gíá, ẹ̀yìn

Ẹ ṣe bíréèkì kẹ́ ẹ tó ra túbò. Camaro yìí ní dísìkì níwájú, dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn, tí wọ́n ṣe fún agbára ìdajì èyí tẹ́ ẹ fẹ́ gbé lé e. Dísìkì ńlá níwájú, dísìkì lẹ́yìn, rọ́bà bíréèkì tuntun. Búsítà bíréèkì ń fa èémí láti inú intake, ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, tí túbò bá sì ń fẹ́, dípò kó máa fà á, atẹ́gùn ló máa fẹ́ padà sínú búsítà. Ẹ rí i dájú pé fáàfù aláìpadà tó wà lẹ́nu ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ fẹnu fẹ́ ẹ, ẹ fà á, ọ̀nà kan péré ni kó gbà. Bákan náà ni ti páìpù tó ń fa èéfín ọ́ìlì láti inú bulọ́ọ̀kù.

Gíá bọ́ọ̀sì 4L60E tó wà nínú ọ̀pọ̀ pickup yẹn ò ní pẹ́ lábẹ́ 500. Ẹ wá 4L80E, ó wúwo, ó lágbára, gíá kẹrin ẹ̀ sì jẹ́ 0.75. Ẹ fi kúlà tirẹ̀ sí i lọ́tọ̀. Difú íǹṣì 8.5 tó wà lẹ́yìn Camaro yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, tẹ́ ẹ bá fi ṣáfù tuntun àti limited slip (èyí tó ń jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn méjèèjì jọ máa fà) sí i pẹ̀lú gíá difú 3.42. Lórí táyà 275/40R18, tẹ́ ẹ bá ń sá 70 máìlì ẹ́ńjìnì á máa yí ní bíi 2,250 péré, ẹ lè máa gbọ́ rédíò, ẹ lè bá ìyàwó yín sọ̀rọ̀. Irin ìdábòbò lábẹ́ propeller, ẹ má gbàgbé.

Ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa tan án

Ẹ yọ plọ́ọ̀gì, ẹ pa epo, ẹ yí i títí géèjì ọ́ìlì á fi gòkè, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó gbaná. Ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sẹ́nu túbò méjèèjì kẹ́ ẹ tó so páìpù wọn. Ẹ dí ẹnu àbáwọlé, ẹ fẹ́ 5 psi sínú páìpù, ẹ fi omi ọṣẹ kiri gbogbo ojú ìsopọ̀, ibi tó bá ń hó ni kẹ́ ẹ dè.

Tó bá ti tàn, ẹ wo ilẹ̀, ẹ wo abẹ́ túbò, ẹ jẹ́ kó gbóná, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tún gbogbo V-band dè. 500 máìlì àkọ́kọ́ ẹ wà á láìjẹ́ kí túbò fẹ́, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ gé fílítà yẹn sí méjì kẹ́ ẹ wo inú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sórí dyno. Ẹ má dán agbára ẹ̀ wò lójú títì tọ́mọ ọlọ́mọ ń gbà o, mo bẹ̀ yín. Pápá ìsáré tó wà ní Baytown ti kógbá sílé ní 2023, mo mọ̀ pé ọ̀nà ti jìn fún àwa tá a wà ní Houston, àmọ́ ẹ sanwó dyno, ẹ lọ jìnnà. Kẹ́ ẹ sì sọ òótọ́ fún àwọn onínṣọ́ránsì nípa ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Láti ìgbà náà lọ, tẹ́ ẹ bá ti sáré, ẹ jẹ́ kó dúró ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kẹ́ ẹ tó pa á, kí ọ́ìlì má bàa jóná mọ́ inú túbò. Ọ́ìlì tuntun ní 3,000 máìlì. Ní 1,000 máìlì kọ̀ọ̀kan ẹ wọ abẹ́ ẹ̀, ẹ di nọ́ọ̀tì túbò, ẹ yọ plọ́ọ̀gì 7 wò, tí eteetí ẹ̀ bá ti ní èérún alumíníọ̀mù bíntín bíntín bí iyọ̀, ẹ má wà á mọ́ títí ẹ ó fi wo pọ́ǹpù epo.